Ẹ Má Ní Kí N Ra Asẹ́ Afẹ́fẹ́ Mọ́

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìfojúkanra, ẹ kú ohun tí ojú yín ń rí. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, torí bí inú bá tilẹ̀ ń bí ọmọ, ìkúnlẹ̀ ò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Mo kí Baba ní Òkè-Òyì tí wọ́n wà. Mo kí Ìyá Òkè-Òyì, àbúrò Baba, tó gbà wọ́n sílé. Mo kí Àfúsátù àbúrò mi tó ń ṣe tíṣà ní àdúgbò Fate, tí ẹ̀rù ń bà láti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n tó padà sọ ọ́. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Mo béèrè ni, mo mọ̀ pé kì í ṣe àlàáfíà.

Ẹ ó gbọ́ pé mo kọ lẹ́tà yìí síta, pé ẹni tí kò mọ̀ wá rí náà ń kà á. Ẹ má bínú. Ìgbà mélòó ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sórí fóònù yín? Ọwọ́ Wàhábù àbúrò mi ni fóònù yín wà. Òun ló ń ṣí i, òun ló ń ka ohun tí mo kọ fún yín, bó bá sì dé ibi tó kan òun, á fò ó. Lẹ́yìn Iléyá, mo bi yín nípa ọ̀rọ̀ gígùn kan tí mo kọ, ẹ ní Wàhábù sọ fún yín pé mo kàn ń kí yín kú ọdún ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e sójú ayé. Ní àdúgbò wa, kò lè ṣe kó má sí ẹnì kan tí yóò kà á fún yín dé ìparí. Mi ò dárúkọ agbo ilé wa, mi ò sì dárúkọ mọ́sálásí tí Baba ti ń kírun. Ẹni tó bá mọ̀ wá ti mọ̀ wá. Ẹni tí kò mọ̀ wá, kó fi tiwa kọ́gbọ́n.

Ẹ máa ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe ní Kánádà, mo sì máa ń sọ pé iṣẹ́ ìtọ́jú ni, kí ọ̀rọ̀ lè kúrò níbẹ̀. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń pààrọ̀ aṣọ wọn, mò ń fi ṣíbí bu oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tí ọmọ wọn kì í yọjú títí ọdún á fi yípo. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ nínú ọkàn mi. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Baba tèmi náà ń bẹ níbì kan tí ẹlòmíràn ti ń wẹ̀ fún wọn, ìwé tí ìjọba ibí máa fún mi kí n lè jáde kí n sì tún wọlé kò tíì dé. Bí mo bá jáde báyìí, wọn ò ní jẹ́ kí n padà. Nígbà tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, èmi nìkan ni mo ń jókòó ti ògiri, tí mo ń jẹ oúnjẹ tí kò dùn. Òtútù ibí, ẹ ti gbọ́ nípa rẹ̀ títí ó fi sú yín. Èyí tí n kò sọ fún yín rí ni èéfín.

Bí ìgbà ooru bá dé níbí, igbó máa ń jó. Igbó náà lè jìnnà sí wa bí Ìlọrin ṣe jìnnà sí Sókótó, síbẹ̀ èéfín rẹ̀ á wọ́ wá bo ìlú mọ́lẹ̀, oòrùn ọ̀sán á pọ́n, ọ̀fun á máa ta èèyàn. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, á wo orí fóònù rẹ̀ láti mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe bàjẹ́ tó. Á ní ká ti gbogbo fèrèsé, ká gbé ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ lọ sí yàrá àwọn tí èémí wọn ò dáa. Ó kọ́ wa pé èèyàn kì í ṣàdédé ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ àdúgbò ẹni ni kí á kọ́kọ́ béèrè. Bó bá jẹ́ eruku, kí asẹ́ inú rẹ̀ há, kó há débi pé èyí tí ojú ò rí pàápàá ò ní lè kọjá. Bó bá jẹ́ èéfín àti òórùn, asẹ́ yẹn nìkan ò tó, ó gbọ́dọ̀ ní ìpele èédú tó nípọn lẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ tó yàrá. Ẹni tó gbé kékeré sínú pálọ̀ ńlá, ó ń fi ṣíbí gbọ́n kànga ni. Asẹ́ tó bá sì ti dí, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, torí kò yàtọ̀ sí ògiri mọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo fi sọ́kàn. Mò ń gbé ẹ̀rọ láti yàrá dé yàrá, mò ń ṣọ́ èémí baba oníbaba, baba tèmi ń húkọ́ ní Ìlọrin.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Àfúsátù ló pè mí. Ó ní Baba ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lọ́wọ́ ni ikọ́ bá dé, wọn ò sì lè parí súrà tí wọ́n ń kà, àwọn ọmọ gbé wàláà tí wọ́n ń kọ̀wé sí dání, wọ́n ń wo ara wọn. Ó ní dókítà sọ pé ọ̀nà èémí wọn ti fún, kí a mú wọn kúrò nínú eruku àti èéfín. Ọjọ́ náà gan-an ni mo pe Wàhábù. Mo bi í ní ìbéèrè tí ọ̀gá mi kọ́ mi, pé kí ló wà nínú afẹ́fẹ́ ilé wa. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, Àǹtí Múlíkà, ṣé ẹ ti gbàgbé Ìlọrin ni? Kí ni ì bá wà níbẹ̀ bí kò ṣe ọyẹ́? Ó ní eruku ti bo àga, ó ti bo àwo, ó ti bo ewé máńgòrò, kí n má da ara mi láàmú. Mo ní èéfín ńkọ́? Ó ní èéfín wo? Ó ní gáàsì ni ẹ̀yin ará ilé fi ń dáná báyìí.

Ohun tó sọ ni mo tẹ̀ lé. Mo wá ẹ̀rọ tó mọ eruku í sẹ́, tó bá yàrá Baba mu, tí kò sì jẹ iná púpọ̀, kí bátìrì lè gbé e bí kò bá sí iná. Obìnrin Ọ̀mù-Àrán kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń lọ sílé, òun ló bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ rántí bí inú Baba ṣe dùn. Wọ́n ní kí Àfúsátù gbé fóònù súnmọ́ ọn kí n lè rí iná tó ń tàn lójú ẹ̀rọ náà. Wọ́n ṣàdúà fún mi títí dátà fi tán lórí fóònù, àdúà ọ̀hún já sáàárín.

Asẹ́ tó yẹ kó lo gbogbo ìgbà ọyẹ́ já ò pẹ́ tó fi dí. Mo ní kí Àfúsátù ya fọ́tò rẹ̀ kó fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo wò ó, ọkàn mi ò balẹ̀. Ìyá mi, ọmọ Ìlọrin ni mí, mo mọ eruku ọyẹ́. Bí ẹ̀lùbọ́ ló ṣe máa ń rí. Èyí tó wà lára asẹ́ yẹn dúdú bí ìdí ìkòkò. Àfúsátù ní ó ń lẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́, ó sì ń rùn bí epo mọ́tò. Mo bi Wàhábù léèrè. Ó ní gbàrọgùdù ni wọ́n tà fún mi, pé àwọn òyìnbó náà ń ṣe jìbìtì. Mo ra òmíràn, èyí tó ní ìpele èédú. Ìyẹn náà dí. Baba wá ń sọ pé orí ń fọ́ àwọn, pé bí àwọn bá jókòó sí yàrá fún ìgbà díẹ̀, òòyì á máa kọ́ àwọn, àmọ́ bí àwọn bá bọ́ síta, á lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gún mi nìyẹn. Ta ni eruku ń fọ́ lórí, tí orí ọ̀hún á tún fúyẹ́ bó bá ti dé ìta?

Mo pe Àfúsátù lọ́sàn-án Sátidé kan tí kò lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kó lọ sí yàrá Baba, kó ṣí fèrèsé, kó na fóònù síta. Ó ní, Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sáàárín. Mo ní kó nà án síta. Ó ní Wàhábù á lé òun kúrò nílé. Mo ní, ṣé o fẹ́ kí Baba wà láàyè ni àbí o fẹ́ kí inú Wàhábù dùn? Ó bú sẹ́kún, ó sì na fóònù síta. Ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí jẹnẹrétọ̀ ńlá kan, àlòkù, lábẹ́ fèrèsé baba mi, tí páìpù tó ń tú èéfín kọjú sí ògiri, ògiri ọ̀hún sì ti dúdú dé òrùlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹ ti máa ń sá ata tẹ́lẹ̀, ni Wàhábù kọ́ ilé sí tó fi ń ṣe píọ̀ wọ́tà, omi inú ọ̀rá tó ń tà. Mo rí ọkọ̀ tó ń kó omi lọ sí Ọ̀fà Gáréèjì níta. Àfúsátù ní láti ìgbà òjò ọdún tó ṣáájú ni jẹnẹrétọ̀ náà ti wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo bi í pé kí ló wà nínú afẹ́fẹ́, ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ yẹn ló dúró sí, tó ń fi ọyẹ́ dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, Ìyá mi. Mo rí ìró yín tí ẹ fi dí ihò fèrèsé. Ẹ mọ̀, ẹ sì bá mi yọ̀ pé ẹ̀rọ dé. Nígbà tí mo pè yín, ẹ ní ọ̀rọ̀ ilé ni. Ẹ ní Wàhábù nìkan ni ọkùnrin tí ẹ bí, òun ló ń gbé Baba lọ sí ọsibítù, òun ló ń sáré bí iná kò bá sí, bí omi kò bá sí, òun náà ló sì máa sin yín. Ẹ ní ọmọ tó wà nítòsí lọmọ. Èmi tí mo pọn Wàhábù lẹ́yìn títí ó fi mọ̀ ọ́n rìn, èmi lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún. Mo fi fóònù sápò, mo padà lọ wẹ bàbá arúgbó kan, mo ń sunkún sínú omi ìwẹ̀ rẹ̀. Ó bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

Mo bá Wàhábù sọ̀rọ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, òun náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ í rò. Ó ní òun kàwé títí, kò síṣẹ́. Ó ní iná ìjọba kì í dúró, kò sí ilẹ̀ mìíràn tí agbára òun ká, omi yẹn ló sì ń bọ́ gbogbo ilé títí kan Baba tí mò ń sunkún lé lórí. Ó ní ó rọrùn fún ẹni tó ń mí afẹ́fẹ́ òyìnbó láti jókòó sọ́hùn-ún kó máa pàṣẹ. Mo ní mi ò sọ pé kó má ṣe omi. Mo ní kó gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, kó jìnnà sí ibi tí èèyàn ń sùn, kó sì na páìpù rẹ̀ ga kọjá òrùlé. Ó ní bí òun bá gbé e sẹ́nu ọ̀nà, olè á gbé e. Ó ní kí àwẹ̀ parí, òun á wá nǹkan ṣe sí i. Àwẹ̀ parí. Ó ní kí Iléyá kọjá. Iléyá kọjá. Ohun tó wá ṣe ni pé ó gbé ẹ̀rọ Baba kúrò ní yàrá Baba, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní èéfín ń yọ àwọn kọ́sítọ́mà òun lẹ́nu.

Ohun tó tẹ̀ lé e, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mò ń tún un sọ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀ ni. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Iná kò sí láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ kò sì sinmi. Òjò ń rọ̀, gbogbo fèrèsé wà ní títì. Baba ti ṣe àlùwàlá, wọ́n ti wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó sí yàrá kí òjò dá kí wọ́n lè lọ kírun. Ẹ pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Ẹ wọlé, ẹ bá wọn tí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ẹ rò pé oorun ni. Àwọn tó ń ṣe omi ló gbọ́ igbe yín, tí wọ́n gbé wọn jáde sínú òjò. Wàhábù ló wa ọkọ̀, ó sì wà á bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Mo dúpẹ́ ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àfúsátù bá yín ní ọsibítù láti Fate, òun ló sì sọ ohun tí dókítà wí fún mi. Ó ní ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ni dókítà náà. Ó béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí yàrá tí Baba wà. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó tún un béèrè, Àfúsátù bá ní bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà ní májèlé kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò láwọ̀, tí kò sì ní òórùn, pé kò sí asẹ́ tí a lè gbé sínú yàrá tó máa mú un, ì báà ṣe ti eruku, ì báà ṣe eléèédú. Ó ní àfi kí ẹ̀rọ ọ̀hún jìnnà sílé. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi bíi tèmi, tí ẹ ń ra ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ ra ti ọyẹ́ fún ọyẹ́. Ẹ ra eléèédú fún èéfín ààtàn tí ará àdúgbò ń sun. Ṣùgbọ́n ẹ má bi ẹni tó ń dá èéfín bóyá èéfín wà. Ẹlòmíràn ni kí ẹ bi.

Ìyá Òkè-Òyì kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí Baba máa lọ, ó ti dúró sẹ́nu géètì ọsibítù, ó ti háyà ọkọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò padà sí ilé yẹn. Wàhábù ní ó ń dójú ti òun, kí ni àwọn èèyàn máa sọ? Ó dá a lóhùn pé kì í ṣe ẹnu èèyàn ni Baba fi ń mí. Ó gbé wọn lọ. Láti ìgbà náà, ikọ́ Baba ti rọlẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan lọ́hùn-ún, iná gan-an kì í sábà wà. Wọ́n á jókòó sábẹ́ igi, atẹ́gùn oko á máa fẹ́ sí wọn lára.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Baba tí a mọ̀ ló jókòó síbẹ̀. Mo pè wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n ka Yásínì fún mi, bí wọ́n ṣe máa ń kà á bí mo bá fẹ́ ṣèdánwò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, ohùn wọn dùn bíi ti àtijọ́. Wọ́n dé ibì kan, wọ́n dúró. Wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n tún dé ibẹ̀, wọ́n tún dúró. Súrà tí àwọn fúnra wọn fi kọ́ baba ládùúgbò, tí wọ́n tún fi kọ́ ọmọ rẹ̀, nìyẹn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bi Ìyá Òkè-Òyì pé kí ló kàn, Ìyá ò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n, àmọ́ n kò lè la ẹnu kí n máa kọ́ baba mi ní kéwú. Nígbà tó yá, wọ́n ní, ta ló wà lórí fóònù? Mo ní Múlíkátù ni. Wọ́n ní Ọlọ́run á bùkún mi, kí n kí àwọn òbí mi.

Ilé kéwú ti tú. Yàrá Baba, Wàhábù ti fi ọ̀rá omi kún un dé àjà. Ẹ̀yin wà ní yàrá kejì sí i, jẹnẹrétọ̀ wà níbi tó wà. Lánàá ni Wàhábù kọ̀wé sí mi. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ara mi, ó ní ẹ̀yin náà ti ń húkọ́. Ó ní kí n bá òun ra asẹ́ tuntun, òun á gbé ẹ̀rọ náà padà láti ọ́fíìsì wá sí yàrá yín. Ó ní kí n ra ojúlówó lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyá mi, mi ò ní rà á. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ pé Múlíkátù kọ̀, kò ra asẹ́ fún ìyá rẹ̀. Bí mo bá rà á, mo ti gbà pé jẹnẹrétọ̀ yẹn lè dúró síbẹ̀ nìyẹn. Ẹ di ẹrù yín, kí ẹ lọ bá ọkọ yín ní Òkè-Òyì. Bí ẹ ò bá sì lè lọ, ẹ pe Wàhábù jókòó, kí ẹ sọ fún un pé kó gbé e kúrò. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ ọ́ tó máa gbọ́. Èmi ti sọ tèmi títí, Àfúsátù ti sunkún tirẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín kí ọmọkùnrin yín má bàa ní ẹ já òun sílẹ̀. Baba náà ò fẹ́ kó dà bíi pé àwọn já a sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jókòó sí yàrá yẹn láìsọ̀rọ̀.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a sun ẹkún yín. Ọlọ́run á dá ìrántí Baba padà fún wọn, á fi àlùbáríkà sí ọwọ́ Ìyá Òkè-Òyì, á jẹ́ kí ìwé mi jáde kí n lè bá yín láàyè. Ẹ bá mi kí gbogbo ará agbo ilé, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ kí àwọn ìyàwó ilé. Ẹ kí àwọn ọmọ Wàhábù tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìnkùlé. Ẹ kí baba wọn náà fún mi. Ẹ ní mo ní kó rántí pé àwọn ọmọ rẹ̀ náà ń mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Múlíkátù